Tábìlì àti Yàrá Ìdánwò: Bí Àjọ Ìwé-Ẹ̀rí Ṣe Lè Kópa Nínú Àpérò Open Source

Orí yìí wà fún ẹni tí àjọ rẹ̀ ń dán àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò, tó sì ń fún ẹni tó bá yege ní ìwé-ẹ̀rí, tí wọ́n wá rán an pé kó lọ ṣojú àjọ níbi àpérò open source. Sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíì ni à ń pè ní open source. Àjọ tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni Linux Professional Institute, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LPI. Ọdún 1999 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Kánádà, kì í ṣe àjọ tó ń wá èrè, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé tábìlì àti ìdánwò lọ sí FOSDEM, àpérò ńlá tó máa ń wáyé ní ìlú Brussels ní Bẹ́ljíọ̀m lọ́dọọdún, nítòsí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe pàtẹ ọjà lásán. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ gbà pé gbogbo nǹkan ló yẹ kó wà ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ìdánwò tí ìbéèrè rẹ̀ bá wà ní gbangba kò níyì mọ́. Ìlànà tí ẹ máa fi bójú tó o nìyí: ẹ ṣí gbogbo nǹkan tó kù payá, iye owó, òfin, ohun tí ẹ ń dán wò, bí ẹ ṣe ń fúnni ní máàkì, kí ẹ lè lẹ́nu láti sọ pé ìbéèrè nìkan lẹ máa tì mọ́lé. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ló dá lé èyí.

OHUN TÍ Ẹ MÁA NÍLÒ

Fún tábìlì:

– Aṣọ tábìlì àti bánà kan tó ń dá dúró. Kí orúkọ àjọ tóbi tó èyí tí ẹni tó wà lẹ́yìn èrò máa rí kà.
– Ìwé pélébé tó sọ orúkọ ìdánwò kọ̀ọ̀kan, iye ìbéèrè, iye ìṣẹ́jú, iye owó, àti ìgbà tí agbára ìwé-ẹ̀rí máa parí.
– Sítíkà. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ibi tí wọ́n bá sì gbé kọ̀ǹpútà lọ ni orúkọ yín ń dé. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i.
– Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, ó kéré tán, tó ń lo Linux. Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Bí àjọ tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí Linux bá gbé kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows sórí tábìlì, ìyẹn ni gbogbo ẹni tó bá kọjá máa sọ̀rọ̀ lé lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú.
– Ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n méjì àti ohun tí ẹ máa fi yí ẹnu wáyà padà. Ihò róbótó méjì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì Bẹ́ljíọ̀m ní, pẹ̀lú irin kékeré kan tó yọrí síta láàárín. Ẹnu wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà kò ní wọ̀ ọ́.
– Téèpù fífẹ̀ láti fi lẹ wáyà mọ́lẹ̀, sísọ́ọ̀sì, bírò, omi mímu.

Fún yàrá ìdánwò:

– Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, àti àpòòwé tí èèyàn kò lè ṣí kí ojú ibi tó ti ṣí i má hàn.
– Ìwé ìbéèrè tí ẹ ti kà, tí ẹ sì ti fún ní nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan; tàbí kọ̀ǹpútà, bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò yín.
– Aago ńlá tí gbogbo yàrá lè rí. Ẹ má gbójú lé aago fóònù.
– Orúkọ àwọn olùdánwò, ìyẹn àwọn tó wá ṣe ìdánwò, ní títẹ̀, ẹ̀dà méjì.
– Pẹ́ńsù, bébà òfìfo tó ní àmì àjọ, àti àpò kéékèèké tí àwọn olùdánwò máa kó fóònù sí.
– Bébà tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, ní èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ní Brussels, ẹ kọ ọ́ ní Faransé, Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì.
– Fọ́ọ̀mù tí ẹ máa kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò bójú mu sí.

Fún àpò yín gan-an: lẹ́tà tí àwọn olùṣètò fi fún yín ní tábìlì, nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń bójú tó yàrá, àti ìwé òfin ìdánwò àjọ yín. Ẹ tẹ ẹ́ sórí bébà, torí íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́ka sí i.

ÌGBÉSẸ̀ LẸ́SẸẸSẸ

1. Ẹ ka òfin àpérò kí ẹ tó béèrè tábìlì. Ẹ ṣe é ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sílẹ̀.

Àpérò kò dọ́gba. Láti ọdún 2000 tí FOSDEM ti bẹ̀rẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló ń ṣe é, nínú ọgbà Solbosch ti Yunifásítì Université libre de Bruxelles. Kò sí owó ìwọlé, kò sí ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ló wọlé. Àwọn iṣẹ́ àkànṣe àti ẹgbẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ní tábìlì, nítorí náà ẹni tó bá kọ̀wé bí ẹni tó fẹ́ háyà ṣọ́ọ̀bù kò ní rí i gbà. SCALE, tí wọ́n ń ṣe ní Pasadena ní ìpínlẹ̀ California, ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì láyè fún ilé-iṣẹ́ tó ń pàtẹ. Ní Èkó, àjọ̀dún Open Source Community Africa tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń lọ, kí ẹ tó pinnu ohùn tí ẹ máa fi sọ̀rọ̀.

Nínú ìwé tí ẹ máa fi béèrè tábìlì, ohun tí aráàpérò máa rí gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. LPI, bí àpẹẹrẹ, ní ìwé ẹ̀kọ́ tó kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní oríṣiríṣi èdè. Ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò lè kà á. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà lókè. Ọ̀rọ̀ títa ìdánwò lè wà nísàlẹ̀.

2. Ẹ gba yàrá ìdánwò lọ́tọ̀ sí tábìlì.

Ẹ má ṣe ìdánwò lẹ́yìn tábìlì, kódà bí ẹ bá fi aṣọ pín in. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wá sí FOSDEM. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń kún dé ibi tí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn yàrá kan pé kò gba èrò mọ́. Yàrá tó dára ni èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì dáadáa, tí kò sí nítòsí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí, tí alámòójútó sì lè rìn láàárín ìjókòó. Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ẹlẹ́sẹ̀ ìjókòó gíga-gíga ti yunifásítì ni, ẹ fi ìjókòó méjì sílẹ̀ láàárín ẹnì kan àti èkejì, kí ẹ sì fi ìlà kan sílẹ̀ láàárín ìlà méjì, torí ẹni tó wà lókè máa ń rí bébà ẹni tó wà nísàlẹ̀ kedere.

Ẹ wá ṣírò àkókò. Ọgọ́ta ìbéèrè ní àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni ìdánwò kọ̀ọ̀kan fún LPIC-1, ọ̀kan lára ìwé-ẹ̀rí LPI. Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú kún un fún yíyẹ ìwé ìdánimọ̀ wò, márùn-ún fún kíka òfin, àti ogún mìíràn fún kíkó ìwé jọ. Ẹ béèrè fún wákàtí méjì ààbọ̀ fún ìjókòó kan. Linux Essentials kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ogójì ìbéèrè, ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú yàrá kan, torí àwọn tó tètè parí máa da àwọn tó kù láàmú.

Bí àwọn olùṣètò bá béèrè ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe ìdánwò níbi àpérò dípò ilé ìdánwò, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ìdí ni pé owó rẹ̀ máa ń dín kù, àwọn tó nílò rẹ̀ sì ti péjọ. BSD Certification Group, tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí lórí BSD, mọ èyí nígbà tí ìdánwò BSDA wọn bẹ̀rẹ̀ ní 2008: wọ́n ń gbé ìdánwò orí bébà lọ bá àwọn èèyàn níbi àpérò. Nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ wọn di ti LPI.

3. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà.

Bó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti ń lọ sí Brussels, físà Schengen lẹ máa gbà. Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹ má dúró dìgbà náà. Páásípọ́ọ̀tù yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìbánigbófò ìrìnàjò tó tó 30,000 yúrò fún ìtọ́jú àìsàn. Nígbà tí FOSDEM kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kò ní nǹkan tí ẹ máa nà jáde pé ẹ ti forúkọ sílẹ̀; lẹ́tà tí wọ́n fi fún yín ní tábìlì àti lẹ́tà àjọ yín ló máa ṣojú rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè, inú àpò ọwọ́ ni kó wà. Ẹ má fi í sínú ẹrù tí ọkọ̀ òfuurufú máa gbé lọ lẹ́yìn yín.

4. Ẹ pín iṣẹ́, kí ẹ sì ya olùkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára alámòójútó.

Ènìyàn mẹ́rin ni ó kéré jù: méjì nídìí tábìlì, méjì nínú yàrá. Alámòójútó kò gbọdọ̀ dá wà nínú yàrá. Bí ẹ̀sùn bá dìde, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ẹni tó kọ́ olùdánwò lẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣọ́ ọ, ìbátan rẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ ṣọ́ ọ. ISO/IEC 17024, ìlànà àgbáyé fún àwọn àjọ tó ń jẹ́rìí sí ìmọ̀ èèyàn, kò fẹ́ kí àǹfààní ara ẹni wọ inú ìdájọ́ ìdánwò, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń fojú ṣọ́ àjọ tó bá ń kọ́ni tó tún ń dánni wò.

Nídìí tábìlì, ẹ rí i pé ọ̀kan nínú àwọn méjì mọ iṣẹ́ náà dénú. Ẹni tó máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín lè jẹ́ ẹni tó kọ apá kan nínú sọ́fítíwíà tí ẹ ń dánni wò lórí rẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tó ń mú àwọn èèyàn dúró ti LPI ni pé ẹni bíi Jon Hall, tí wọ́n ń pè ní maddog, tó ti wà nídìí Linux láti àárín àwọn ọdún 1990, ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀.

5. Ẹ forúkọ olùdánwò sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

LPI máa ń ní kí olùdánwò ti gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó jókòó. Ẹ kọ̀wé sí àwọn olùdánwò ní ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, ẹ sì sọ̀rọ̀ nípa orúkọ, torí orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ bíi Ṣeun Adé lè mú páásípọ́ọ̀tù wá tó pè é ní ADEYEMI OLUWASEUN MARY. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ lè ní orúkọ bàbá rẹ̀ lórí ìwé kan, kí orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lórí èkejì. Páásípọ́ọ̀tù kì í ní àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀. Àìsí ìyẹn kì í ṣe ìyàtọ̀. Àmọ́ orúkọ tí kò sí lórí ìwé ìdánimọ̀ rárá, ìyàtọ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe nílé, kó má di ohun tí ẹ máa bá ara yín jiyàn lé lórí lẹ́nu ọ̀nà.

6. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dán gbogbo nǹkan wò.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ tan gbogbo kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣe ìdánwò àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá jẹ́ FOSDEM ni, ẹ kíyè sí Wi-Fi wọn: èyí tó ń jẹ́ FOSDEM lásán kò gba àdírẹ́sì IPv4 àtijọ́, IPv6 nìkan ló ń lò, èyí tó ń jẹ́ FOSDEM-ancient ló gba méjèèjì. Sọ́fítíwíà ìdánwò tí wọ́n kọ nígbà tí IPv4 nìkan wà lè jókòó síbẹ̀ kó máa yí po lórí Wi-Fi àkọ́kọ́, kí ẹ rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ mọ èyí tí ẹ máa lò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní Èkó, iná ni kí ẹ wádìí. Ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa ń wà láàárín ìgbà tí iná ìjọba bá lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á, ta ló ń ra dísù, àti bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá yín wà lára ohun tí jẹnẹrétọ̀ náà ń gbé. Bátìrì kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gbé e fún wákàtí méjì. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ lo bébà.

7. Nídìí tábìlì, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ.

Ẹ béèrè irú iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe àti bó ṣe pẹ́ tó nídìí rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni Linux Essentials yẹ; ẹni tó ti ń bójú tó sáfà lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti LPIC-1. Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí wọ́n máa bi yín lọ́jọ́ náà, ẹ múra wọn sílẹ̀:

“Ṣé ìwé-ẹ̀rí yìí máa jẹ́ kí n ríṣẹ́?” Ẹ má ṣe ìlérí. Ẹ sọ pé ó ń jẹ́rìí pé ẹni náà mọ nǹkan wọ̀nyí dé ìwọ̀n kan lọ́jọ́ tó ṣe ìdánwò. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ló máa sọ bí ìyẹn ṣe wúlò fún un.

“Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, kí ló dé tí ẹ fi ń gba owó?” Ẹ sọ ohun tí owó ń ṣe: kíkọ ìbéèrè àti dídán ìbéèrè wò, owó àwọn tó ń bójú tó ìdánwò, àti ìtọ́jú àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi iye owó hàn lórí ìwé pélébé, ọ̀rọ̀ náà kì í gùn.

“Ẹ jẹ́ kí n rí ìbéèrè kan.” Ibí yìí ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá ẹ ṣí sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má kàn sọ pé rárá. Ẹ ṣí ìwé àfojúsùn ìdánwò, èyí tí LPI gbé jáde fún gbogbo ayé, kí ẹ sì fi hàn wọ́n bí kókó kọ̀ọ̀kan ṣe ní ìwọ̀n. Nínú ìdánwò 101, ọ̀kan lára ìdánwò méjì tó wà fún LPIC-1, kókó 103.1, tó dá lórí iṣẹ́ lórí command line, ní ìwọ̀n 4, 103.2, tó dá lórí fífi àṣẹ kéékèèké ṣètò ọ̀rọ̀ inú fáìlì, ní ìwọ̀n 2. Ẹni náà á rí ibi tó yẹ kó fi agbára sí, láìrí ìbéèrè kankan.

8. Nínú yàrá ìdánwò, ẹ tẹ̀ lé ètò yìí láìfo ọ̀kankan.

Ẹ ṣílẹ̀kùn ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ wo ojú èèyàn, ẹ wo àwòrán, ẹ wo orúkọ, ẹ wá fi àmì sí i. Kí fóònù wà ní pípa, kí ó sì wọ inú àpò. Aago ọwọ́ tó ń gba ìfìránṣẹ́ náà wà lára fóònù. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa jókòó. Àwọn tó jọ wá kò gbọdọ̀ jọ jókòó. Ẹ ka òfin sókè, ẹ sì rí i pé gbogbo wọn ti fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní sọ ìbéèrè síta. Ẹ ṣí àpòòwé lójú wọn. Ẹ kọ àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti àkókò ìparí sára pátákó.

Bí ìdánwò bá ti bẹ̀rẹ̀, alámòójútó kan dúró níwájú, èkejì ń rìn. Ẹ má ka ìwé, ẹ má tẹ fóònù, ẹ má sì dúró pẹ́ lẹ́yìn ẹnì kan. Bí olùdánwò bá béèrè ìtumọ̀ ìbéèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: “Ẹ dáhùn bí ó ṣe yé yín.” Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jáde lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí àkókò bá pé, kí ẹnikẹ́ni má dìde títí ẹ ó fi ka gbogbo ìwé ìbéèrè, ìwé ìdáhùn àti bébà òfìfo, tí iye wọn sì bá àkọsílẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lẹ àpòòwé pa lójú ẹni méjì.

9. Ẹ palẹ̀ mọ́.

Ẹ kó àpótí lọ sí ibi tó ní kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ tábìlì. Ẹ tú téèpù kúrò nílẹ̀, ẹ kó pàǹtírí yín. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló máa tún ilé náà ṣe lẹ́yìn yín, wọ́n sì máa rántí àjọ tó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ nígbà tí ọdún míì bá dé.

ÌKÌLỌ̀

Wáyà tó bá gba ojú ọ̀nà kọjá lè gbé èèyàn ṣubú. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fi ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kan kọ́ òmíràn, ẹ má sì fi bánà tàbí àpótí dí ọ̀nà àbájáde iná.

Orúkọ àti ímeèlì tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ èèyàn wà lábẹ́ òfin. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin GDPR ti ń ṣiṣẹ́ láti 2018. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà jáde ní 2023. Ẹ má gbé bébà kalẹ̀ sórí tábìlì tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fi máa ka nọ́ńbà fóònù ẹni tó ṣáájú. Ẹ gba ohun tí ẹ nílò nìkan, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ sì pa á rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí.

Ẹ má ya àwòrán yàrá ìdánwò nígbà tí ìwé bá wà lórí tábìlì. Fóònù òde òní lè rí ọ̀rọ̀ kà láti ìdí yàrá.

Ẹni kan lè sún mọ́ tábìlì kó máa rọra béèrè expo, ìyẹn ìbéèrè tó ti jò síta, tàbí kó sọ pé òun ní ìbéèrè tòótọ́ lọ́wọ́ tí òun fẹ́ tà. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì bá a dúnàádúrà. Ẹ kọ ohun tó sọ àti àkókò tó sọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àjọ lọ́jọ́ náà.

ÌGBÀ TÍ ÒFIN KÒ BÁ SỌ OHUN TÍ Ẹ MÁA ṢE

Bí iná bá lọ láàárín ìdánwò, ẹ ní kí gbogbo èèyàn gbé ọwọ́ kúrò, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó lọ, ẹ sì fi iye ìṣẹ́jú náà kún un nígbà tí iná bá dé. Bó bá kọjá ogún ìṣẹ́jú, tàbí bí àwọn olùdánwò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ fagi lé ìjókòó náà kí ẹ sì fún wọn láǹfààní láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí ẹ máa pàdánù kéré sí èsì tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà gbọ́.

Bí ẹnì kan bá pẹ́ dé nítorí pé èrò há a mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ gbà á wọlé bí ìwé kò bá tíì ṣí. Bí ìwé bá ti ṣí, ẹ gbé e lọ sí ìjókòó ìdánwò tó kàn. Ohun tí ẹ bá ṣe fún ẹnì kan ni kí ẹ ṣe fún gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá fura sí ẹnì kan pé ó ń wo ìwé ẹlòmíì, ẹ má já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yí ìjókòó rẹ̀ padà láìpariwo, kí ẹ jẹ́ kó parí, kí alámòójútó méjèèjì sì kọ ohun tí wọ́n rí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àjọ ló máa dájọ́. Ìwé tí ẹ já gbà kò ṣeé dá padà.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

Àkọ́kọ́ ni títa ìdánwò kan fún ẹni tó rò pé ìwé-ẹ̀rí ló ń rà. LPIC-1 jẹ́ ìdánwò méjì, 101 àti 102; ẹni tó yege nínú ọ̀kan kò tíì gba nǹkan kan. Ẹ sọ ọ́ kí ó tó sanwó.

Èkejì ni sísọ máàkì di ìdá ọgọ́rùn-ún. Láti 200 sí 800 ni máàkì LPI ń lọ, 500 sì ni èyí tó kéré jù tí ẹni tó yege lè ní. Ẹni tó bá fi 800 pín 500 á rò pé òun ti mọ iye ìbéèrè tó yẹ kí òun gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe láti òdo ni kíkà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ gbàgbé láti sọ pé ìwé-ẹ̀rí ń gbó. Ọdún márùn-ún ni LPIC-1 ń ṣiṣẹ́ kó tó di ohun tí èèyàn máa sọ dọ̀tun. Ti Linux Essentials kì í parí.

Ẹ̀kẹrin ni gbígbà kí ẹni tó fìdí rẹmi láàárọ̀ tún jókòó lọ́sàn-án, nítorí pé àánú rẹ̀ ṣe yín. Òfin ti fi àkókò ìdúró sí i, kí èèyàn má baà fi ìdánwò àkọ́kọ́ há ìbéèrè sórí fún ìkejì.

Ẹ̀karùn-ún ni kí alámòójútó máa sọ fún èèyàn lójú ọ̀nà pé, “Ó dà bíi pé o ṣe dáadáa.” Ẹ má sọ nǹkan kan. Bí èsì bá wá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa fi pe àjọ lẹ́jọ́.

LẸ́YÌN TÍ Ẹ BÁ PADÀ DÉLÉ

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ fi ìwé ìdáhùn àti gbogbo fọ́ọ̀mù ìṣẹ̀lẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ, ẹ fèsì ímeèlì tí ẹ ṣèlérí, ẹ sì kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùṣètò. Bó bá jẹ́ pé iye sítíkà tó tán ni ẹ fi ń díwọ̀n bóyá ẹ tún máa lọ, ẹ máa tan ara yín jẹ. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ kà: iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀, iye tó jókòó nínú wọn, iye ìṣẹ̀lẹ̀ tó wà lórí fọ́ọ̀mù, àti iye oníṣẹ́ tó ní àwọn fẹ́ bá yín ṣàtúnyẹ̀wò ìwé àfojúsùn. Bí ẹ̀kẹrin yìí bá jẹ́ òdo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ lọ tajà ni, ẹ kò bá àwọn aráàpérò kẹ́gbẹ́. Ẹ yí bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì padà kí ẹ tó béèrè tábìlì míì.